Ike Kékeré Mẹ́rin

Kí oòrùn tó mú ló yẹ kéèyàn ra òrí ní Òṣogbo. Láàárọ̀, òrí a máa dúró gírí nínú igbá, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gé e. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti rọ̀, ó ti ń dán, eṣinṣin tó bá bà lé e ti há nìyẹn. Màmá tí mo máa ń ra tèmi lọ́wọ́ wọn ní Ọjà Ọba kì í dúró de ọ̀sán. Wọ́n á gbé igbá òrí sínú agbada omi tútù, wọ́n á fi aṣọ tí wọ́n rì sómi bò ó, wọ́n á sì jókòó tì í bí ẹni tó jókòó ti ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Mo tètè kúrò ní Iléṣà lọ́jọ́ náà. Àárín ìlú méjèèjì kò ju nǹkan bíi kìlómítà 30 lọ, mo sì ti wà níwájú igbá wọn kí aago mẹ́jọ tó lù.

"Màmá, ẹ kú ọjà o. Ajé á wọgbá."

"Àṣẹ o, ìyá tíṣà. Ẹ tètè jí lónìí. Ṣé ìrìn-àjò yẹn ti dé nìyẹn?"

Mo ní ó ti dé.

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló pè mí sí ìgbafẹ́ orí omi. Ọkọ̀ òkun ńlá kan yóò gbé wa ní Southampton, yóò gbé wa dé àwọn erékùṣù Canary, yóò sì dá wa padà. Inú mi dùn débi pé oorun kò kùn mí fún ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n àpótí méjì tí bàálù gbà fún mi láti Ìkẹjà, ẹ̀lùbọ́, gààrí, ẹ̀gúsí àti aṣọ òfì ti gba méjèèjì tán. Abiyamọ kì í fọwọ́ lásán lọ kí ọmọ. Ohun ìwẹ̀ àti ìpara tèmi kò ní ibòmíràn tí yóò wọ̀ ju báàgì ọwọ́ lọ, báàgì ọwọ́ sì ní òfin tirẹ̀.

Ohunkóhun tó bá ń ṣàn, tàbí tó rọ̀ bí ìpara, kò gbọdọ̀ ju mílílítà 100 lọ nínú ike kan, gbogbo ike náà sì gbọ́dọ̀ wọ inú àpò ọ̀rá kan ṣoṣo tó mọ́ gaara, tí kò gbà ju lítà kan lọ. Ọdún 2006 lọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Nínú oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn ọlọ́pàá Ìlú Ọba mú àwọn kan tó ń gbèrò láti fi ohun olómi tó lè bú gbàmù ba bàálù jẹ́ lójú ọ̀run, nínú èyí tó ń ti ọ̀dọ̀ wọn lọ sí Amẹ́ríkà àti Kánádà. Láti ìgbà náà ni omi mímu, ọṣẹ olómi àti òróró ìpara ti di ohun tí wọ́n ń wọn ìwọ̀n rẹ̀ kéèyàn tó wọ bàálù. Ní 2025, Edinburgh àti Birmingham bẹ̀rẹ̀ sí í gba lítà méjì, nítorí ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n rà lè wo inú ẹrù ní àwòfín. Ẹni tó ń ti ọ̀dọ̀ wa gbéra, kó ṣì máa ka 100 rẹ̀.

Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí rí lọ́nà tó dùn mí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ sókè òkun, mo rọ òrí kún ike ńlá kan, mo gbà pé ohun tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé kì í ṣe olómi. Ọ̀sán gangan la dé pápákọ̀ òfurufú kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń yẹ ẹrù wò ṣí ìdérí, ó da ike náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, òrí sì rọra ṣàn wá sí etí rẹ̀, ó ń dán bí oyin. "Mọ́mì, ẹ má bínú, olómi ni." Kò purọ́. Òrí kò dúró de iná kó tó yọ́, ìgbóná ara èèyàn lásán ti tó o. Ìdí nìyẹn tó fi ń wọ awọ lọ́gán tí a bá ti fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rà á. Ohun tó mú kó dára lára wa gan-an ni kò jẹ́ kó kọjá lọ́wọ́ ọmọkùnrin yẹn.

Igi emi, tí a ń rí òrí lára rẹ̀, kì í hù nínú igbó Ìjẹ̀ṣà. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni tirẹ̀: Òkè Ògùn, ní apá Ṣakí àti Kìṣí, títí dé ilẹ̀ Ìbàrìbá àti ti Nupe. Àwọn obìnrin ló ń ṣa èso rẹ̀ nílẹ̀, tí wọ́n ń sè é, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n ń fọ́ èèpo rẹ̀, tí wọ́n ń yan án, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n á sì fi ọwọ́ pò ó nínú omi títí ọ̀rá rẹ̀ á fi léfòó ní funfun. Ọwọ́ tó ti ṣe gbogbo èyí kí igbá tó dé Òṣogbo pọ̀. Nítorí náà, n kì í ná òrí bí ẹni ń ná ata.

Màmá fi ìka bu díẹ̀, wọ́n fi sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Mo fi àtàǹpàkò rà á. Òrí tó bá ní horo kéékèèké lábẹ́ ìka, ó ti yọ́ rí, ó tún dì padà láìfara balẹ̀. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn èyí tó kúnná. Tòní kúnná. Òórùn rẹ̀ jọ ti ẹ̀pà tí wọ́n yan lórí iná igi, àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ funfun tó pọ́n díẹ̀. Mo gbé ike kékeré kan kalẹ̀. Mẹ́rin ni mo ti rà lọ́wọ́ ọmọ kan tó ń ta ike lẹ́nu ọ̀nà ọjà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní nọ́ńbà 100 lábẹ́ ìdí. Màmá fi ṣíbí onígi rọ òrí sínú rẹ̀, wọ́n gbá ìdí ike náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí atẹ́gùn inú rẹ̀ lè jáde, wọ́n rọ òmíràn lé e, wọ́n fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún gbá a. Ohun tí mo rò pé ó ti kún, ó tún gba ṣíbí méjì. Nígbà tó kún dé ọrùn, wọ́n fi ìyókù orí ṣíbí sí mi lọ́wọ́. "Èènì yín rèé. Ẹ fi pa orúnkún." Mo jókòó lórí àpótí wọn níbẹ̀, mo fi pa á. Nínú gbogbo ìtajà tó ń tàn yanran nínú àwọn pápákọ̀ òfurufú, n kò tíì rí ẹni tó bá mi di ohun tí mo rà bẹ́ẹ̀.

Wọ́n wo àwọn ike tó kù lọ́wọ́ mi. Mo ní ìpara oòrùn ni fún ọ̀kan, àdín àgbọn fún irun ni fún ìkejì. "Ìkẹrin yẹn ńkọ́?" Mo ní òfìfo ni mo fẹ́ gbé e lọ. Wọ́n wò mí, wọn kò bi mí mọ́.

Kò yà mí lẹ́nu pé Òṣogbo mọ ọjà ìwẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Olóòyà iyùn ni wọ́n ń ki Òṣun, odò tó ni ìlú náà; òrìṣà tó fẹ́ràn omi tútù, dígí àti ooyà ni. Igbó rẹ̀, tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, kò jìnnà sí ọjà. Nígbà ọdún Òṣun, èèyàn á máa rí àwọn tó ń jáde bọ̀ láti ibẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, orù àti ike, tí wọ́n fọwọ́ méjèèjì di omi odò mọ́ àyà lọ sílé.

Ọṣẹ dúdú ni mo lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, nítorí inú rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi. Oko kòkó ni yèyé mi àgbà ní, bí ó ti pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Tí wọ́n bá fọ́ kòkó tán, tí wọ́n kó hóró rẹ̀ lọ, èèpo ló máa ń kù gègèrè lábẹ́ igi. Àwọn mìíràn á fi í sílẹ̀ kó jẹrà. Yèyé mi àgbà á sá a títí yóò fi gbẹ kangí, wọ́n á dáná sun ún, wọ́n á kó eérú rẹ̀ sínú àjẹrẹ, ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu ihò, wọ́n á sì máa rọra da omi sí i lórí. Omi tó ń kán sísàlẹ̀ a máa pọ́n bí omi àgbo, ó sì ń ta ahọ́n. Àwọn aláró Òṣogbo náà ń sẹ́ eérú lọ́nà yìí fún ìkòkò aró wọn. Omi eérú ló ń mú kí èlú fún aṣọ ní àwọ̀ rẹ̀, òun náà ló ń sọ àdín di ọṣẹ. Ọmọ ìyá ni ọṣẹ àti aró.

Wọ́n á gbé omi eérú kaná títí yóò fi ki, wọ́n á da àdín sí i, wọ́n á sì máa fi ọmọrogùn rò ó láti ìyálẹ̀ta títí di ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mo máa ń koná. Ó máa ń dé ibì kan tí ìkòkò á dákẹ́, tí kò ní hó mọ́, tí ohun inú rẹ̀ á fà mọ́ ọmọrogùn bí àmàlà. Yèyé mi àgbà á bù ú tó orí èékánná, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n á fi kan ahọ́n. Bó bá ṣì ń ta, eérú pọ̀ jù, àdín á tún wọ ìkòkò. Bí kò bá ta mọ́, wọn kò ní sọ̀rọ̀. Wọ́n á kàn fa igi sẹ́yìn lábẹ́ ìkòkò, èmi náà á sì mọ̀ pé ó ti jinná. Dúdú tí a ń pè é kì í ṣe dúdú èédú. Pupa wà nínú rẹ̀, bíi ti awọ àgbẹ̀ tó ti pẹ́ lóko.

Ọṣẹ yìí rọ̀, ó nídìí. Sódà ni ilé iṣẹ́ fi ń ṣe ọṣẹ tó le bí ọ̀kúta. Pọ́táṣì ló pọ̀ nínú eérú èèpo kòkó, ọṣẹ tí wọ́n bá sì fi pọ́táṣì sè kì í le. Ó tún ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, kí ẹni tó bá gbé e sílẹ̀ láìbò tó padà dé, ó ti làágùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e wọ bàálù lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ti múra sílẹ̀ ṣáájú. Mo ti gé tèmi láti oṣù tó kọjá, mo mọ ọ́n ní róbótó tó ẹyin àdìẹ, mo sì tò ó sórí pẹpẹ ìdáná níbi tí ooru díẹ̀díẹ̀ ti ń kàn án. Ojú rẹ̀ ti gbẹ báyìí, ó ń dún kókó tí mo bá fi èékánná kàn án. Mo fi ìwé dì í ní méjì-méjì. Kò sí nínú àpò ọ̀rá rárá, òfin mílílítà 100 kò kàn án.

Pákò náà bọ́ lọ́wọ́ òfin. Lójú àwọn tó ń yẹ ẹrù, ìpara ni mákílíǹ, ṣùgbọ́n igi ni orin ata. Mo di mẹ́fà pọ̀, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìka àárín. Kànìnkànìn kò wúwo ju ewé gbígbẹ lọ. Rólóònù kékeré kan ni mo rà nílé ìtajà.

Bàbá mi kékeré kò ka mílílítà kankan ní tiwọn. Nínú ọkọ̀ òkun Aureol ni wọ́n bá lọ kàwé ní Ìlú Ọba. Láti 1951 ni ọkọ̀ yẹn ti ń ná Liverpool sí Èkó, tó ń yà ní Las Palmas àti Freetown. Ní 1972 wọ́n gbé ibùdó rẹ̀ lọ sí Southampton, ní 1974 ó sì dákẹ́. Ní Òṣogbo ni bàbá mi kékeré ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó, pẹ̀lú pọ́tímáńtò onírin kan tí ọkùnrin méjì gbé sókè fún wọn. Odindi ọṣẹ dúdú tó tóbi tó orí èèyàn wà nínú rẹ̀, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n fi dì í. Wọ́n sọ fún wa pé ọṣẹ yẹn ni àwọn fi wẹ̀ ní gbogbo ọdún àkọ́kọ́ àwọn nínú òtútù Liverpool, àti pé nígbà tó kù bí owó ẹyọ, àwọn tọ́jú ìyókù rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀, àwọn kò fi wẹ̀ mọ́, àwọn kàn ń ṣí i gbóòórùn. Southampton kan náà tí Aureol lò gbẹ̀yìn ni ọkọ̀ tèmi yóò ti gbéra, apá Las Palmas kan náà ni yóò sì gbé mi lọ.

Ohun kan wà tí Ọjà Ọba kò lè fún mi. Ọmọ mi ti tẹnu mọ́ ọn lórí fóònù: "Mọ́mì, ẹ má gbàgbé sunscreen o." Mo dáhùn pé inú oòrùn ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n mo yà ní kẹ́míìsì kan nígbà tí mo padà dé Iléṣà, ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà níbẹ̀ sì fi sùúrù là mí lọ́yẹ̀. Awọ dúdú ní ààbò tirẹ̀, ààbò náà ju ti òyìnbó lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n kò dí oòrùn tán. Lórí òkun, omi á tún máa da ìtànṣán padà sójú èèyàn, atẹ́gùn tútù kò sì ní jẹ́ kó mọ̀ pé ara òun ń jóná. Ìpara tí wọ́n kọ SPF 30 sí lára ń dá nǹkan bíi 97 dúró nínú 100 ìtànṣán tó ń jó awọ. SPF 50 ń dá nǹkan bíi 98 dúró. Bí ìyàtọ̀ wọn ṣe kéré tó yà mí lẹ́nu. Ó ní ohun tó ṣe kókó ni kí n má ṣahun rẹ̀, kí n sì tún un pa ní wákàtí méjì-méjì, àti nígbàkígbà tí mo bá ti inú omi jáde. Mo bi í léèrè òrí. Ó ní òrí dára fún awọ, òun náà ń lò ó, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kéré púpọ̀ níwájú oòrùn. Ó fi ìpara kan tó ní síńkì pa ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ó funfun bí ẹfun. Ó nù ún kúrò, ó fi òmíràn pa á, ìyẹn wọ ara láìfi àmì sílẹ̀. Ó yí ike náà padà, ó fi nọ́ńbà NAFDAC hàn mí àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́.

Ibẹ̀ ni ọmọ kan ti sọ sí mi lọ́kàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń to àwọn ọmọ sórí pápá ilé ìwé láàárọ̀, kí wọ́n kọrin, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n gbọ́ ìkéde. Àfín kan wà nínú wọn. Ó máa ń gbé ìwé rẹ̀ bo iwájú orí, èmi a sì máa sọ fún un pé kó sọ ọwọ́ kalẹ̀ kó dúró dáadáa bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó máa ń sọ ọ́ kalẹ̀. N kò mọ̀ nígbà náà, n kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pé awọ tí kò ní àwọ̀ dúdú tiwa yẹn kò ní nǹkan tó ń bá a gba oòrùn, pé ohun tó ń pọ́n tó sì ń bó ní èjìká rẹ̀ lè di egbò, egbò náà sì lè di jẹjẹrẹ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ìpara tí mo fẹ́ lò fún ọ̀sẹ̀ méjì ìgbafẹ́ yìí, ojoojúmọ́ ló yẹ kó wà lára rẹ̀, pẹ̀lú fìlà ẹlẹ́tí gbígbòòrò àti ẹ̀wù alápá gígùn, ó sì yẹ kó jẹ́ pé èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ fà á sábẹ́ ibòji. Ike méjì ni mo rà. Ọ̀kan ni mo gbé lọ sí ilé ìwé tí mo ti fẹ̀yìn tì, nítorí àfín mìíràn ti wà níbẹ̀ báyìí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, mo sì ní kó fi í sí ìjókòó tó jìnnà sí fèrèsé. Láti inú èkejì ni mo ti bu tèmi sínú ike kékeré kejì, mo kọ orúkọ ìpara náà sára ike ọ̀hún.

Ní alẹ́, mo tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí ibùsùn. Ìjẹ̀ṣà mọ ẹrù dì. Àwọn òṣómàáló, bàbá wa tó ń kiri aṣọ àwìn láti ìlú dé ìlú, wọn kì í gbé ohun tí wọn kò ní lò. Òrí nínú ike kan, ìpara oòrùn nínú ìkejì, àdín àgbọn nínú ìkẹta, rólóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àpò ọ̀rá náà ṣì láàyè.

Ìyá ọkọ mi ló ni ike kẹrin. Wọ́n ti lé ní 90 ọdún, wọn kò rí òkun rí, ojú wọn kò sì ríran dáadáa mọ́. Nígbà tí mo lọ dágbére fún wọn, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n tún ìtàn tí gbogbo ọmọ Iléṣà mọ̀ sọ fún mi: bí ojú Odùduwà ṣe fọ́, bí wọ́n ṣe ní omi òkun nìkan ló lè là á, bí Àjíbógun ṣe rin ọ̀nà jíjìn dé etí òkun, tó bu omi náà, tó gbé e bọ̀ wálé fún bàbá rẹ̀, tí a fi ń pe Ọwá wa ní Obòkun títí dòní. Wọ́n ní kì í ṣe nítorí ojú àwọn. Dókítà ti sọ tirẹ̀ lórí ìyẹn. Àwọn kàn fẹ́ ti ìka bọ omi tí Àjíbógun lọ bù, kí àwọn fi kan ahọ́n, kí àwọn mọ bó ṣe rí. "Báwo ni wọ́n ṣe máa jẹ́ kóo gbé e kọjá?" Mo sọ fún wọn pé mílílítà 100 ni òfin gbà. Wọ́n bi mí bí ìyẹn ṣe pọ̀ tó. Mo gbé ike náà sí wọn lọ́wọ́, wọ́n fi ìka wọn yí i ká láti ìdí dé ọrùn, wọ́n sì ní ó tó.

Mo fi omi gbígbóná ṣan án, mo dojú rẹ̀ dé lórí aṣọ mímọ́ kó gbẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo dé e, mo tò ó sí ẹ̀gbẹ́ òrí, mo sì fa zíìpù àpò náà pa.